Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì, nítorí fíìmù òkun tí àwọn ọmọ fẹ́ wò

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé wọ́n ti gba ìsinmi, pé Táíwò àti Kẹ́hìndé ń bẹ̀bẹ̀ fún fíìmù tí ọkọ̀ ojú omi àti ìgbì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n o ò fẹ́ èyí tí wọ́n á ti máa bẹ́ ara wọn lórí tàbí tí wọ́n á ti máa bú èébú. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Moana ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, èyí tí Disney gbé jáde ní 2016. Wọ́n á ti gbọ́ orin inú rẹ̀ nílé ìwé, ṣùgbọ́n orin kọ́ ni mo ń wí. Ọmọ olóyè ni Moana, ní erékùṣù inú ìtàn kan tí wọ́n ń pè ní Motunui. Bàbá rẹ̀ ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá òkúta iyùn tó yí etí omi wọn ká, nítorí pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dán an wò lọ́dọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bómi lọ. Ìyá àgbà ló wá ní kí ọmọ náà wọ inú ihò àpáta kan, níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ ńláńlá pamọ́ sí. Moana lu ìlù tó bá níbẹ̀, ló bá rí àwọn baba ńlá rẹ̀, tọmọdé tàgbà, wọ́n ta ìgbòkun, wọ́n ń lọ tẹ ilẹ̀ tuntun dó. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, jọ̀ọ́, dá fíìmù náà dúró. Sọ fún wọn pé òótọ́ ni.

Kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé Òkun Pàsífíìkì, àwọn ará Polynesia, èèyàn erékùṣù Pàsífíìkì tí fíìmù náà ń sọ ìtàn wọn, ti wa ọkọ̀ dé Hawaii, dé New Zealand, dé Rapa Nui (Easter Island), láìsí kọ́ńpáàsì. Wọ́n mọ ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń yọ àti ibi tó ti ń wọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ìgbì ni wọ́n ń fi ara gbọ́. Bí wọ́n bá rí ẹyẹ tó ń fò lọ sílé nírọ̀lẹ́, wọ́n á mọ̀ pé ilẹ̀ ò jìnnà mọ́. Nígbà tí Moana bá na ọwọ́ sí ìràwọ̀, kì í ṣe ijó ló ń jó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn bí ìràwọ̀ ṣe ga tó lókè omi.

Ìmọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ní 1975, àwọn ará Hawaii gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn bíi ti ayé àtijọ́ sójú omi, Hōkūleʻa lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí ọmọ Hawaii kankan tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ tọ́ ọ. Mau Piailug ni wọ́n lọ bẹ̀, ará Satawal, erékùṣù kékeré kan ní Micronesia, lójú Òkun Pàsífíìkì náà, tí bàbá àgbà rẹ̀ ti ń kọ́ níṣẹ́ yìí láti kékeré. Ní 1976 ó tọ́ wọn dé Tahiti, ìrìn tó lé ní kìlómítà 4,000. Wọn kì í fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ àjèjì nílùú Mau, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń kẹ̀yìn sí i, kò sì fẹ́ kó bá òun wọ sàréè. Ó kọ́ Nainoa Thompson, ọmọ Hawaii, tó tọ́ ọkọ̀ náà lọ sí Tahiti tó sì tọ́ ọ padà ní 1980.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé òkun Àgbádárìgì ni òkun tí àwọn ọmọ wa máa ń gbọ́ ìtàn rẹ̀, èyí tí wọ́n kó èèyàn gbà lọ láìpadà. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n tún mọ̀ pé àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló pinnu, tí wọ́n kó adìyẹ, iṣu, kókò àti ọmọ wọn sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì wá ilẹ̀ kàn. Àwọn Ìlàjẹ tiwa náà ń dojú kọ òkun lójoojúmọ́, mi ò sì tíì rí fíìmù ọmọdé kan tó sọ tiwọn. Ó ń dùn mí. Wọ́n ti fi èdè Māori, ti àwọn onílẹ̀ New Zealand, gbé Moana jáde ní 2017, wọ́n fi ti Hawaii ṣe é ní 2018. Yorùbá ńkọ́?

Ìdòwú ṣì kéré fún abàmì oníná tó wà nínú Moana. Finding Nemo ni kó o fún un, ti Pixar, 2003. Ṣùgbọ́n gbé e sẹ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹja ńlá kan máa pa ìyá Nemo àti gbogbo ẹyin tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín á pọ̀, pàápàá tí bàbá Nemo bá bọ́ sínú ìṣàn omi tó gba ìlà-oòrùn Australia sọ̀kalẹ̀, tí òun àtàwọn ìjàpá òkun jọ ń bá a lọ. Ìṣàn omi náà wà lóòótọ́. Kíyè sí i pé ohun kan náà ló ń ṣe bàbá Nemo àti bàbá Moana: omi ti gba ẹni wọn lọ́wọ́ wọn. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn pé fíìmù méjèèjì ò fi wọ́n ṣe òmùgọ̀.

Bí àwọn ìbejì bá tún ń béèrè, wá Kon-Tiki, èyí tí wọ́n yà lójú òkun gan-an, tó gba Oscar ní 1952. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Ní 1947, Thor Heyerdahl, ará Norway, àtàwọn ọkùnrin márùn-ún fi okùn so ìtì igi balsa, igi tó fúyẹ́, mẹ́sàn-án pọ̀, wọ́n gbéra láti Peru, atẹ́gùn àti ìṣàn omi sì gbé wọn lọ fún ọjọ́ 101 títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Raroia, erékùṣù kan ní Polynesia. Ẹja á fò bọ́ sórí igi náà lóru, wọ́n á dín in jẹ láàárọ̀. Heyerdahl ní ọ̀nà Peru yẹn ni àwọn tó kọ́kọ́ tẹ erékùṣù Pàsífíìkì dó gbà wá. Ìmọ̀ èdè àti àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé láti ìhà Éṣíà ni wọ́n ti wá, tí wọ́n kọjú sí atẹ́gùn. Má sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó wò ó. Kí Kẹ́hìndé pè mí lẹ́yìn rẹ̀, kó sọ ẹni tó rò pé ó jàre fún mi, Heyerdahl ni tàbí Mau.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ