Lẹ́tà sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ dákú sínú ọ̀sà ní Àjàṣẹ́

Ìyá wa,

Ẹ kú ewu ọmọ. Àwọn kan á ti ní wárápá ni, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ odò wẹ̀, tó ń wẹ̀ lọ geere tó ṣàdédé dákú, ọkàn rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àìsàn kan wà tí à ń jogún, QT long ni àwọn dókítà ń pè é: bí ọkàn bá ti lù tán, iná tó ń mú un lù kì í tètè padà sípò. Odò wíwẹ̀, eré sísá, tàbí ariwo tó ta ọmọ jí lójijì lè da ìlù náà rú. Ọkàn á kàn máa gbọ̀n láì fún ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọmọ á ṣubú, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, aráyé á ní wárápá ti gbé e.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe ECG fún un, àyẹ̀wò tó ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé. Kò ní abẹ́rẹ́: wáyà 10 ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn lára, 6 ní àyà, 4 ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ sì béèrè QTc, ìyẹn iye àkókò tí iná ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ tó sì ń padà sípò, ní mìlísẹ́kọ́ńdù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Bó bá ń jẹ́ 480 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, àìsàn náà ni wọ́n máa fura sí. 500 sókè, ewu ti ga. Ìwé kan ṣoṣo tó dára kò tú ọmọ sílẹ̀ o, nítorí àwọn kan ní àìsàn náà tí ìwé wọn mọ́. Bí ẹni tó kà á bá ń ṣiyè méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Kútọnu.

Bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, ìdajì-ìdajì ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan: ó lè jogún rẹ̀, ó lè má jogún rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀yin, bàbá rẹ̀, àti gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ ni kó ṣe ECG, kódà ẹni tí kò dákú rí. Ẹ bi àwọn àgbà: ta ló sùn tí kò jí, tí kò sì ṣàìsàn? Ta ló mọ odò wẹ̀ tó sì bá odò lọ? Ọmọ wo ni a bí ní adití tó tún máa ń dákú? Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ orí wọn sílẹ̀ fún dókítà. Wọ́n á ní kí ẹ má sọ ọ́ síta, kí ọkọ má baà sá fún àwọn ọmọbìnrin ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Àbúrò tí kò mọ̀ ni yóò tún wọ odò.

Propranolol tàbí nadolol, oògùn tó ń dáàbò bo ìlù ọkàn, ni wọ́n sábà máa ń fúnni, lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kó tán nílé kí ẹ tó ra òmíràn; dídá a dúró lójijì léwu.

Ibà ló ń bà wá lẹ́rù jù. Àwọn oògùn ibà bíi chloroquine, halofantrine, quinine, àti artemether-lumefantrine pàápàá lè mú QT gùn sí i. Ibà lè pa ọmọ, a gbọ́dọ̀ wò ó; ṣùgbọ́n dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn rẹ̀ ni kó yan oògùn, kì í ṣe olóògùn inú ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni domperidone tí wọ́n ń fún ẹni tó ń bì, erythromycin, àti fluconazole. Bó bá ń bì tàbí tó ń ṣu, iyọ̀ ara rẹ̀ ń lọ, ìyẹn náà ń da ìlù ọkàn rú: ẹ tètè fún un ní ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà.

Kí olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn tó wà létí ọ̀sà mọ̀: bó bá ṣubú tí kò mí dáadáa, kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ inú omi ni wọ́n ti gbé e, kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tẹ agbedeméjì àyà rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ntímítà 5, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Àwa tí ẹbí wa náà ní i.