Ẹ tún agogo fásitì ṣe nítorí àwọn obìnrin

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Bí ọjọ́ 8 Oṣù Kẹta bá ti pé, àwọn iléèwé gíga wa a gbé pátákó sókè, wọ́n a dá aṣọ, wọ́n a pe olùbánisọ̀rọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ obìnrin. Mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa obìnrin sẹ́yìn ní fásitì, inú ìwé òfin ló wà: iye ọ̀sẹ̀, iye wákàtí, iye ọdún. Agogo tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹni tí ẹlòmíràn ń bá pọn ọmọ nílé ni wọ́n ṣe é fún. Agogo yẹn ni mo ní kí àwọn fásitì ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjagun títí dé Ìlíṣàn, jọ̀wọ́ tún ṣe.

Ẹ wo òfin ìdá 75. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Òfin tó dára ni, torí àwọn tó ń sá kíláàsì ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀ fún abiyamọ. Sáà ẹ̀kọ́ kan tó bí ọ̀sẹ̀ 15. Kíláàsì tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹni tó bá pa 4 jẹ, 11 ló kù fún un, 11 nínú 15 kò sì pé ìdá 75. Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ ni ilé ìwòsàn máa ń ní kí ìyá padà wá fún àyẹ̀wò. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ 6 náà sinmi, 9 péré ni yóò lè kà nínú 15. Olùkọ́ kò kórìíra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bínú sí i. Ìṣirò ló tì í síta.

Gbólóhùn kan péré ni Sẹ́nétì fásitì máa fi kún òfin náà: ọ̀sẹ̀ tí dókítà bá kọ ìwé sí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àròpọ̀, kí wọ́n má kà á sí kíláàsì tó pa jẹ. Kí wọ́n bá a ka 9 nínú 9. Iṣẹ́ ilé tó fò, kó ṣe é. Ìdánwò tó bọ́ sí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n sún un síwájú, kí wọ́n má kọ òdo sí i, kí wọ́n sì fún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ kẹrin sáà tó kàn tó parí. Ibi tó ti máa ń bà jẹ́ nìyí: ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró dìgbà tí kọ́ọ̀sì náà tún máa yí dé, ìdánwò wákàtí 3 ti gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sì fojú inú wo wákàtí 3 náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 7 máa ń mu ọmú ní bíi wákàtí 2 sí 3 síra. Aago 9 ni ìdánwò, ṣùgbọ́n aago 8 ni wọ́n ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Tó bá fi máa di aago 11, ọmú ìyá ti le gbagidi, ó ń ta á, wàrà ti ń yọ lára bùláòsì, ó wá ń fi apá òsì bò ó mọ́ra bó ṣe ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú 30 láti jáde, kí obìnrin kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì san ìṣẹ́jú 30 náà padà fún un lẹ́yìn. Ìdánwò ò ní tìtorí ẹ̀ fúyẹ́.

Níbo ni yóò jáde lọ? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń pèsè oúnjẹ ọmọ. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 ti tó, kó ní àga tó ní ibi ìgbápálé, tábìlì kékeré, omi àti ọṣẹ, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú, àti fíríìjì kékeré kan. Wàrà ìyá tí wọ́n fún sínú ike tó mọ́ lè wà níta fún wákàtí 4 bí yàrá bá tutù. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ 4. Ooru tiwa kò jẹ́ kí ti ìta tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí fíríìjì fi pọn dandan, iná oòrùn ló sì yẹ kó máa gbé e. Bí owó kò bá tíì sí, kúlà tí wọ́n to yìnyín sí ṣì dára ju àpò ìkówèé lọ.

Ti ilé ìtọ́jú ọmọ, ohun kan náà ló ń pa á níbi gbogbo. Wọ́n á ṣí i tìlù tìfọn, lẹ́yìn ọdún kan ó ti di iléèwé jẹ́léósinmi: wọn ò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 mọ́, aago 1 tàbí 2 ọ̀sán ni wọ́n sì ń tilẹ̀kùn. Ìdí ni pé jẹ́léósinmi ń gba owó iléèwé wọlé, ọmọ oṣù 4 kò rí bẹ́ẹ̀. Alágbàtọ́ kan kò gbọdọ̀ tọ́jú ju ọmọ 3 tàbí 4 tí kò tíì pé ọdún kan lọ, owó oṣù sì ni èyí. Bí kò bá ní ìlà tirẹ̀ nínú ètò ìsúná fásitì, kò lè pẹ́. Kó máa ṣí láti aago 7 ààbọ̀ òwúrọ̀ dé 6 ìrọ̀lẹ́, torí kíláàsì àti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ń pẹ́ dé ìgbà náà, kó sì sún mọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ju géètì lọ. Mo ń fi àsìkò yìí rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí àwọn regbérégbé Ìjẹ̀bú, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Awùjalẹ̀, Ọba Adétọ̀nà, tó wàjà ní 2025 fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ nígbà tí wọ́n dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìṣèjọba ní Àgọ́-Ìwòyè. Regbérégbé kan lè gba owó oṣù alágbàtọ́ 2 sọ́rùn fún ọdún 5. Owó oṣù ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kì í ṣe ilé. Ilé kì í wọ́n wọn, ẹni tó máa gbé ọmọ ló ń wọ́n wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá la èyí já, tó di olùkọ́, agogo náà ṣì ń dúró dè é. Láti Assistant Lecturer dé ọ̀jọ̀gbọ́n, àtẹ̀gùn 5 ni: Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún 3 ni ìlànà fi sí ìkọ̀ọ̀kan, ọdún 15 bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 28, ọdún tó yẹ kó parí PhD, kó sì máa tẹ àròkọ ìwádìí jáde, ọdún ìbímọ rẹ̀ náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìgbéga ń wáyé. Àròkọ tó bá fi oṣù 2 pẹ́, ọdún kan gbáko ló bá a lọ. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 12, 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16. Bí ọ̀sẹ̀ 16 ṣe ń di oṣù 12 lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìgbéga nìyẹn, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Kí fásitì fi ọdún 1 kún gbèdéke PhD olùkọ́ obìnrin lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí. Bí wọ́n bá sì ń ka àròkọ, ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fi pín in. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra. Ní Amẹ́ríkà, àwọn fásitì kan fún ìyá àti bàbá ní irú àfikún yìí bákan náà. Ìwádìí tó jáde ní 2018 lórí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé fi hàn pé àwọn ọkùnrin ló jèrè rẹ̀, tí àǹfààní obìnrin láti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tún wá lọ sílẹ̀. Ohun tó fà á kò le: ọ̀pọ̀ bàbá fi àkókò náà kọ àròkọ sí i, ìyá fi tirẹ̀ wẹ ọmọ. Ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fún àwọn bàbá ní 2022 dára, kí àwọn fásitì wa gbà á wọlé, kí bàbá sì lò ó fún ọmọ.

Ohun kan wà tí ẹnu kì í sábà tó. Bí olùkọ́ bá lọ bímọ tí fásitì kò gba adelé, kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n máa pín lé àwọn tó kù lórí. Inú á bí wọn, olórí ẹ̀ka á sì máa yẹra fún gbígba ọ̀dọ́bìnrin síṣẹ́ láìsọ ọ́ síta. Owó adelé sáà kan kéré sí ohun tí ìyẹn ń bà jẹ́. Bó bá sì padà dé, kí kíláàsì rẹ̀ jẹ́ ìdajì ní sáà àkọ́kọ́.

Ta ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga? Òsùgbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní àga Erelú, oyè obìnrin, tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ fásitì. Láti 1985 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams ti di gíwá ní Benin ni obìnrin ti ń darí fásitì ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyẹ́misí Obílàdé sì ṣe gíwá ní Ìjagun níbí. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ àpèjẹ àti àlejò ni wọ́n ń fi obìnrin sí, tí ti ìwádìí àti ìsúná ń bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin, ti ìkẹyìn yìí ló sì ń wúwo nínú fọ́ọ̀mù ìgbéga. Kí fásitì máa tẹ ojú ìwé kan jáde lọ́dọọdún: iye obìnrin ní ipò kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má ro gbogbo òṣìṣẹ́ pọ̀, torí obìnrin tó pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé kékeré á bo ihò náà mọ́lẹ̀.

Ti àwọn olùkọ́ tó ń fi máàkì dẹ obìnrin, ọ̀rọ̀ àkókò ni ìyẹn náà. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2. Ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sórí fóònù ló tú àṣírí rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa ṣe ọlọ́pàá. Kí ẹ̀sùn má gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka kọjá, torí ọ̀rẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló sábà máa ń jẹ́. Láàárín wákàtí 48, kí ẹni tó mẹ́jọ́ wá ti gba nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ̀, kí ìwé ìdánwò rẹ̀ sì ti kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ náà. Kí ìdájọ́ má kọjá ọjọ́ 30, kí ẹnì kan láti òde fásitì sì wà nínú ìgbìmọ̀. Nọ́ńbà ni kó wà lójú ìwé ìdánwò, kì í ṣe orúkọ.

Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, kí gbogbo alábòójútó họ́sítẹ̀lì mọ èyí sórí: oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí má wẹ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn. Aṣọ tó wọ̀, inú àpò bébà ni kí wọ́n kó o sí. Ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kí mọ́tò fásitì gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀kadà.

Olóòtú, ẹ bá mi ṣe ohun kan. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí àwọn fásitì wọ̀nyí ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Kó béèrè ilé ìtọ́jú ọmọ, kó kan ilẹ̀kùn, kó sì kọ ẹni tó ṣí i fún un sínú ìwé ìròyìn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde.