Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ máa ra ṣíà, kó sì tà á lọ́jọ́ kan náà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní $10,000 lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò ṣíà, ìyẹn ìpín ìní nínú ilé iṣẹ́, ní ọjà New York láti Ìbàdàn níbẹ̀. Kò burú. Ìbéèrè kan ni mo ní: bí ṣíà tí o rà bá já wálẹ̀, èló lo máa pàdánù? Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, má rà á.

Má ṣe jẹ́ kí àdánù òwò kan kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ, ìyẹn $100. N ò sọ pé $100 ni kí o fi ra ṣíà o. Ká ní $40 ni ṣíà kan wà, tí o sì rí i pé bó bá fi lè já dé $39.50, ìdí tí o fi rà á ti bàjẹ́. 50 sẹ́ǹtì ni ṣíà kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́wọ́ rẹ. Fi 50 sẹ́ǹtì pín $100: 200 ṣíà ni, $8,000 lowó rẹ̀. Bó bá jẹ́ $39 ló yẹ kí o ti jáde, ìyẹn kí o tà á, 100 ṣíà péré ni kí o rà. Ibi ìjáde ló ń sọ iye tí èèyàn máa rà. Ẹni tó kọ́kọ́ mú iye tó wù ú, kó tó máa wá ibi ìjáde, ti dorí iṣẹ́ kodò.

Bí o bá ti rà á tán, fi stop-loss sí $39.50, ìyẹn àṣẹ fún bùrókà, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ ra ṣíà tó sì ń bá ọ tà á, pé kó tà á bí iye bá já débẹ̀. Ọwọ́ máa yún ọ láti sún un wálẹ̀ nígbà tí iye bá ń sún mọ́ ọn. Jọ̀ọ́, má sún un. Òkè nìkan ni kí o máa sún un sí. Ṣùgbọ́n má sùn lé e o: bí iye bá ti kàn án, wọ́n á tà ní iyekíye tí ọjà bá gbé wá. Bí ìròyìn burúkú bá já lójijì, $39.10 lo lè rí gbà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì máa ń kéde èrè wọn lẹ́yìn tí ọjà bá ti pa, nígbà tí stop-loss lásán kì í ṣiṣẹ́. Nítorí náà, má jẹ́ kí òwò tó ń gbé àdánù bọ̀ bá ọ mọ́jú.

Aago 2:30 ọ̀sán wa ni wọ́n ń ṣí ọjà. Bí àwọn ará New York bá yí aago wọn padà nígbà òtútù, ó di 3:30. Fi ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ wòran, torí àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n ń rà àti iye tí wọ́n ń tà máa ń fẹ̀ nígbà náà.

Má yá owó lọ́wọ́ bùrókà. Láti May 2024, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí o tà á ni owó ṣíà tó ń wọlé pátápátá, nítorí náà òwò $8,000 kan ṣoṣo lóòjọ́ ni $10,000 rẹ lè gbé báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́ kí o fi ìbínú lé owó tó lọ. Bí o bá pàdánù nígbà 3 léra, $50 ni kí o máa fi wéwu, kì í ṣe $100 mọ́. Àdánù 10 léra ní ìdá kan-ìdá kan yóò ṣẹ́ bí i $9,044 kù fún ọ; ẹni tó bá pàdánù ìdajì, àfi kó sọ èyí tó kù di ìlọ́po méjì kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ ibi ìwọlé, ibi ìjáde àti iye ṣíà sínú ìwé kí o tó rà. Fi ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ