Ojúde Ìyá Tàbí Ojúde Ọba

Òmù-Àrán,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Mama ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù o. Níbí, òjò ni. Ó rọ̀ lánàá débi pé ó ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, iná sì ti lọ láti ìgbà náà. Fóònù mi ti kú, ni mo bá wá bírò àti ìwé. Tí iná bá dé, màá ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Ojú rẹ á rí ìkọ̀wé mi tí Tíṣà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò fún ọ. Mo sì fẹ́ rán ọ níṣẹ́ sí Mama.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun lẹ dáwó nígbà tí ìpàdé ọmọ ilé ní ká kọ ìtàn agbo ilé wa sílẹ̀, kí àwọn àgbà tó kù tó tán lọ́wọ́ wa. A ti fi owó yẹn ra ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Wọ́n ní mo ti fẹ̀yìn tì, pé n kò níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta tó wà lọ́rùn mi, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ lójú wọn.

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbà mí. Ìtàn ìlú, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bẹ̀rẹ̀ láti orí Olómù Apẹran tó tẹ ìlú dó, ọmọdé ilé-ìwé á kà á fún ọ. Ṣùgbọ́n tí o bá kúrò lórí ti ìlú, tí o wá kan agbo ilé, tí o ní ta ló kọ́kọ́ fi ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi yìí, ta ló sì bá a níbẹ̀, wàá rí i tí àwọn àgbà á máa wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó fèsì.

Ọdún ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ní ìwé ìbí. Ẹnì kan á ní ọdún tí àrùn lukulúkú jà ni wọ́n bí òun, mo sì mọ̀ pé 1918 nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní bàbá òun ti tó ẹrù rù nígbà tí rélùwéè dé Ọ̀fà, màá kọ nǹkan bí 1908. Tó bá jẹ́ ogun Jálumi ni, 1878. Tí wọ́n bá ní ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin ṣì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, mo mọ̀ pé ó ṣáájú 1897 tí àwọn ọmọ ogun kọ́ńpìnnì Royal Niger wọ Ìlọrin. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, àlejò rò pé àkókò ìrun ni.

Mo tún kó ìwé ètò ìsìnkú jọ, páálí ọṣẹ kan kún fọ́fọ́. Àdùkẹ́, àwa èèyàn yìí ń purọ́ fún òkú o! Ìwé Baba kan tó kú ní 1984 ní ẹni ọdún 118 ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn, tí àwọn méjèèjì jọ mu ọmú kan náà, kú ní 1979, ìwé tirẹ̀ ní ẹni 90 ọdún. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò fi ọdún 23 dàgbà ju ẹ̀gbọ́n lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná bá wa lọ sí ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ sí níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwé Ìlọrin Pírófíǹsì ìgbà òyìnbó wà. Ó rí ìlà kan ṣoṣo tó kàn wá. Orúkọ agbo ilé wa tí òyìnbó náà kọ, tí o bá pè é, ajá á gbó. Ṣùgbọ́n owó orí ni wọ́n ń wá nígbà náà, àwọn tó máa san án nìkan ni wọ́n kà. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ni àwọn ọkùnrin yẹn ti hù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ jókòó ti Ìyá Àgbà ní ojúlé ẹ̀yìn. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, àwọn ló máa ń fún wa ní àádùn. Ojú wọn ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lórí wọn. Mo tan ẹ̀rọ, mo ní, “Ìyá, kí lorúkọ bàbá ọkọ yín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n pa èèwọ̀ lójú ogbó ni?” Ọdún 70 ni wọ́n ti lò nílé ọkọ, wọn ò dárúkọ ọkọ rí, áńbọ̀sìbọ́sí orúkọ ẹni tó bí ọkọ. Mo bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bu orógbó jẹ, wọ́n ní, “Ìwọ máa dárúkọ. Èmi kò ní sọ nǹkan kan. Ẹnu mi lè máa yún mi, mo lè wúkọ́.”

Mo dárúkọ Àjàyí. Wọ́n ń jẹ orógbó wọn. Mo dárúkọ Òjó. Wọ́n lé adìyẹ. Mo ní Òkè. Wọ́n wúkọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é o, wákàtí méjì gbáko. Orúkọ 14 ni mo fi ikọ́ rí gbà. Tí o bá gbọ́ ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ, wàá rò pé ọsibítù ni mo wà.

Àfìgbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ń ki ọmọkùnrin mi tó wá kí wọn. Mo ti ń gbọ́ oríkì yẹn láti kékeré, ń kò fetí sí i mọ́. Ìwọ náà mọ ibẹ̀: “Ọmọ agbojúde-ọba-wọlé.” Bí gbogbo ilé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, òun náà ni wọ́n kọ sára aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọdún ìjẹrin. Ìyá Àgbà kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ agbojúde-ìyá-wọlé.” Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ìyá ni.

O rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyá, á jẹ́ pé Baba ńlá wa kọ́ ló tẹ ibẹ̀ dó. Àlejò ni, ogun ló lé e dé, ọmọbìnrin ilé ló fẹ́, ọ̀dọ̀ ìyàwó ló sì gbà wọlé. Ọmọ obìnrin ni gbogbo wa nìyẹn. Ojú tì mí pé ó kọ́kọ́ dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé kí ló burú níbẹ̀? Obìnrin náà ni ilẹ̀ gbà, tó fi gba tiwa.

Mo gbé e dé ìpàdé. Baba Olórí Ilé ò jẹ́ kí n kà á tán. Wọ́n ní ìwé tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ìyẹ̀wù àwọn. Ń kò bínú sí wọn. Ilẹ̀ ọ̀nà odò ti wà ní kóòtù láti 1974, oko ọmọ wọn sì wà lórí ẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dé ni agbẹjọ́rò méjèèjì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo fura pé ọdún 1974 yẹn gan-an ni ìyá di ọba lẹ́nu wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a kó àwọn ọmọ lọ wo mùsíọ́ọ̀mù ní Èsìẹ́. Ọdún 1933 ni Ramsay tó ń bójú tó ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS ròyìn àwọn ère òkúta yẹn fún ìjọba, ní 1945 ni wọ́n sì ṣí ilé náà, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère tó lé ní 800! Ọkùnrin, obìnrin, òmíràn jókòó sórí àpótí, ilà wà lójú wọn, irun dídì wọn ò jọra. Àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn ní àwọn bá wọn níbẹ̀ ni. Ọmọ-ọmọ mi kékeré dúró níwájú ìyá kan tí imú rẹ̀ ti kán, ó ní, “Mama àgbà, kí ni wọ́n ń pe èyí?” Olùtọ́jú ibẹ̀ ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọmọ náà ò gbà, ó ní kí n wúkọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe nìyí. Kùmásì ní Ghana ni Mama ti ṣe ìyàwó ilé wa, ìyá ọkọ wọn ló kọ́ wọn ní oríkì ilé. Ìyá náà ti kúrò ní Òmù-Àrán láti nǹkan bí 1935. Nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 láti jáde ní Ghana ní 1969, o ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀yìn ìyá àgbà yẹn lo wà nínú lọ́rì. Ẹ já gbogbo ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀. Oríkì yẹn kò lè jábọ́ ní tirẹ̀, kò sì sí ẹjọ́ ilẹ̀ kankan ní Kùmásì tó lè yí i.

Torí náà, má bi Mama pé ìyá ni àbí ọba. Tí o bá ti fi sí wọn lẹ́nu, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní àárọ̀, tí wọ́n bá ti mu tíì tán, fi ọmọ rẹ àbíkẹ́yìn sẹ́sẹ̀ wọn, kí o ní kí wọ́n kì í bí ìyá ọkọ wọn ṣe máa ń kì ọ́. Tan fóònù sílẹ̀ kí o lọ sí ilé ìdáná. Tó bá jẹ́ ọba ni wọ́n pè, màá kọ ọba, màá sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Baba.

Lẹ́yìn ìyẹn, ka orúkọ tí mo kọ sẹ́yìn ìwé yìí sí wọn létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má kánjú. Tí wọ́n bá wúkọ́, má gé e kúrò.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.