Ẹ Má Gé Kọmáńdì Sí Méjì Mọ́

Olóòtú, mo kí yín o.

Ojú ìwé kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ máa ń gbé jáde yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí kì í ṣe ibi gbogbo lèèyàn ti ń rí ẹni tó máa fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo terminal, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tẹ kọmáńdì, àṣẹ tí wọ́n ń pa fún kọ̀ǹpútà, àti bí wọ́n ṣe ń kọ script bash, ìyẹn fáìlì tí wọ́n to kọmáńdì sí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè dákẹ́ sí. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ kọmáńdì sínú ìwé ìròyìn yẹn gan-an ló ń fa púpọ̀ nínú error táwọn òǹkàwé yín ń rí, wọ́n á wá máa rò pé àwọn lórí àwọn ò pé.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹ kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń pa fódà àtijọ́ rẹ́, kọmáńdì ẹ̀ ni rm -r ise/atijo, ìyẹn ni pé kó pa fódà atijo tó wà nínú fódà ise rẹ́, àmọ́ ààyè ò gbà á lójú ìwé, ló bá gé sí méjì báyìí:

rm -r ise/
atijo

Ẹni tó ti mọwọ́ ẹ̀ á mọ̀ pé ìlà kan náà ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ńkọ́? Bó ṣe rí i ló máa tẹ̀ ẹ́, á tẹ Enter níbi tí ìlà àkọ́kọ́ parí sí, shell, ètò tó ń gba kọmáńdì, ò sì ní bi í ní nǹkan kan lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ohun tó wà nínú fódà ise ló máa lọ, kì í sì í ṣe inú trash ló ń lọ o, ó lọ nìyẹn. Á wá tẹ atijo, kọ̀ǹpútà á ní "atijo: command not found", ìyẹn ló sì máa máa wá ojútùú sí, nígbà tó jẹ́ pé ìlà tí ò sọ nǹkan kan yẹn ló ti ṣe é léṣe. Tí kọmáńdì bá gùn, ẹ dín bí lẹ́tà ẹ̀ ṣe tóbi tó kù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ gé e, ibi tí àlàfo wà ni kẹ́ ẹ ti gé e, kẹ́ ẹ fi backslash (\) parí ìlà náà, kí àlàfo kankan má sì sí lẹ́yìn backslash yẹn, torí tó bá wà níbẹ̀, ìlà méjèèjì ò ní so pọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì àyọlò náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín máa ń yí èyí tó dúró ṣánṣán (") padà sí èyí tó tẹ̀ (“ ”). Ó dáa nínú ìròyìn, àmọ́ shell ò mọ èyí tó tẹ̀ yẹn rárá, bíi lẹ́tà b tàbí d ló ṣe rí lójú ẹ̀. Torí náà ẹni tó bá kọ́pì

cp “iwe mi.txt” /tmp

látorí ìkànnì yín, cp, kọmáńdì tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, á sọ fún un pé òun ò rí fáìlì tó ń jẹ́ “iwe, òun ò sì rí èyí tó ń jẹ́ mi.txt”, bẹ́ẹ̀ fáìlì ẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Dáàṣì méjì ti --all náà, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹyọ kan gígùn, ls, tó ń to orúkọ fáìlì jáde, wá ń wá fáìlì tó ń jẹ́ —all. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ojú lásán ò tètè rí i, èèyàn lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ti bá a pàdé, kó lo cat -A, tó ń fi àmì tó fara pa mọ́ hàn, lórí script ẹ̀, ibi tó bá ti rí M-bM-^@M-^\, àmì tó tẹ̀ ló wà níbẹ̀, kó pa á rẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà. Tó bá jẹ́ ^M$ ló rí ní ìparí ìlà, Windows ni wọ́n ti kọ ọ́, òun náà ló lè mú kí kọ̀ǹpútà sọ pé "bad interpreter", ìyẹn ni pé kò rí ètò tó máa ka script náà.

Àmì $ tẹ́ ẹ máa ń fi síwájú kọmáńdì, ẹ yọ ọ́ kúrò jàre. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Mi ò sì fara mọ́ ìdáhùn tẹ́ ẹ máa ń fún àwọn tó bá rí error pé kí wọ́n fi sudo, tó ń fún kọmáńdì lágbára ọ̀gá kọ̀ǹpútà, síwájú. "command not found", tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 127 tí wọ́n bá tẹ echo $? tẹ̀lé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda rárá, bóyá orúkọ ni wọn ò kọ dáadáa, bóyá ètò yẹn ò sí nínú PATH, ìyẹn àwọn fódà tí shell ti ń wá ètò. "Permission denied" lórí script tirẹ, chmod u+x, tó ń jẹ́ kí fáìlì ṣeé ṣiṣẹ́ bí ètò, ló máa ń yanjú ẹ̀. Rm tó ti gé sí méjì wá gba sudo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú ẹ̀ wò.

Kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé jáde, kí ẹnì kan kọ́pì kọmáńdì látojú ìwé tó ti parí, kó gbé e sínú ShellCheck, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú script, kó sì dán an wò nínú fódà tí ò sí nǹkan gidi níbẹ̀. bash -n nìkan, tó kàn ń yẹ script wò láìjẹ́ kó ṣiṣẹ́, ò tó, kì í rí àmì tó tẹ̀ yẹn, ShellCheck máa ń rí i.

Ní ti rm yẹn, ẹ tún un tẹ̀ nínú ìwé tó ń bọ̀, lókè pátápátá níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, kẹ́ ẹ sì tún èyí tó wà lórí ìkànnì ṣe lónìí.

Èmi ni òǹkàwé yín.