Ta ló fi "unalive" sí yín lẹ́nu?

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní yunifásítì,

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ-ọmọ mi kan ló kú. Ọmọ yìí, tó ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, gbé fóònù, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé: "Mo gbọ́ pé mọ́mì ẹ ti unalive. That's crazy." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ti dá a lóhùn mọ́.

Ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo ṣe o." Mo wojú rẹ̀, mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Mo bi í pé níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní TikTok ni. Ó ní àwọn tó ń ṣe fídíò níbẹ̀ ń sá fún ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ikú àti pípa, torí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lè yọ fídíò wọn, tàbí kó má jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ èrò púpọ̀. Ni wọ́n bá ń sọ pé "unalive". Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ jẹ ni ọmọ mi gbé lọ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀!

Àwa náà ń fi ikú pamọ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Wáyà ni wọ́n tẹ̀ sí mi, tẹligíráàmù tí ẹ ò bá. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè sọ púpọ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Bàbá ń ṣàìsàn. Máa bọ̀." Ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ẹni tó fi lé mi lọ́wọ́ kò wojú mi. Mo kà á, mo ká a pọ̀, mo tún tú u. Mo mọ̀ pé ènìyàn kì í tẹ wáyà nítorí ibà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n délé kí n tó ṣubú. Èmi ló ń rò. Ta ni ẹni tó ń sọ "unalive" ń rò?

Kì í ṣe kúkúrú fídíò ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí Vine, ìkànnì fídíò kéékèèké kan, dé ní 2013, ìṣẹ́jú àáyá 6 péré ni, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tuntun náà kọ́. "Rizz", ìyẹn ọgbọ́n fífa ojú ẹni mọ́ra, tí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Oxford fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2023, ẹ máa sọ ọ́ ní tiyín. Àwa náà sọ ẹnà títí ìyá mi fi lé wa síta. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti yọjú, a ó pa ẹnà tì. A mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni inú fídíò kò mọ̀ yín rí, kò rí ojú yín, ẹ sì wá ń fi ohùn rẹ̀ bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé, "Bàbá, kò lè yé yín." Kí ni kò yé mi? Bàtà dára, crazy. Ìdánwò le, crazy. Ìyá ènìyàn kú, crazy! Ẹ̀yin tí ẹ ń gba oyè ìmọ̀!

Ẹ máa fi ẹnu ka ohun tí ẹ kọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹ ò lè sọ lójú ẹni, ẹ pa á rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ẹ pe ẹni náà, àní bí ẹ bá kàn dákẹ́ sórí fóònù.

Mo ní kí ọmọ mi dìde, kó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ní, "Kí ni kí n wá sọ, Bàbá?" Ọmọ ọdún 21. Mo la ẹnu kí n dá a lóhùn, mo tún pa á dé.

Àná ló lọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Mi ò tíì bi í pé kí ló sọ.

Èmi ni bàbá yín.