Ọ̀rọ̀ yìnyín Antarctica kan àwa ará etí òkun náà o

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń bèèrè pé kí ni orílẹ̀-èdè tóòrùn ń pa bí Íńdíà ń wá lọ sí Antarctica nísàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ yìnyín lásán, wọ́n ní ìnáwó àpà ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Láti 1981 làwọn ará Íńdíà ti gbéra lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. Z. Qasim ló ṣáájú wọn, nígbà tó wá di 1998 wọ́n dá iléeṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ fún un ní Goa nílẹ̀ wọn níbẹ̀, NCPOR ni wọ́n ń pè é báyìí. Òun ló ń bójú tó Maitri àti Bharati, ibùdó méjì tí wọ́n kọ́ sí Antarctica téèyàn ń gbé yípo ọdún, àti Himadri, ibùdó wọn tó wà ní erékùṣù Svalbard lókè ayé. Wọ́n ń gbẹ́ yìnyín bí ẹni gbẹ́ kànga, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á gbé e wálé, afẹ́fẹ́ àtijọ́ tó há sínú ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bójú ọjọ́ ṣe rí láyé ọjọ́un. Òjò ni wọ́n ń lé kiri, torí òjò monsoon, ìyẹn òjò ńlá tó máa ń rọ̀ lásìkò rẹ̀ lọ́dọọdún, làwọn àgbẹ̀ wọn gbójú lé, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí yìnyín ọ̀nà jíjìn yẹn ń fi ṣe.

Àwa ńkọ́? Ẹ wo Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé lọ rẹpẹtẹ níbẹ̀. Kì í ṣe yìnyín nìkan ló fà á o, ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra ẹ̀ ń rì, àmọ́ ọwọ́ yìnyín wà ńbẹ̀, torí tó bá ń yọ́, omi òkun á máa ga sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé yìnyín Greenland àti Antarctica tóbi débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra, tó bá ti ń yọ́, agbára tó fi ń fà á á dín kù, omi á fà sẹ́yìn níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwa tá a jìnnà ló máa wá pọ̀ sí jù. Ẹni tí ò rí yìnyín rí láyé ẹ̀ ló wá ń kó ẹrù sá kúrò nílé bàbá ẹ̀!

A kúkú ní iléeṣẹ́ ìwádìí òkun tiwa, NIOMR, láti 1975, ó wà ní Victoria Island l'Ékòó. Mi ò ní kí wọ́n lọ kọ́lé sí Antarctica o, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ìjọba fún wọn lówó gidi, kí wọ́n lè máa wọn òkun lójoojúmọ́ láti Àgbádárìgì dé Ìlàjẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sáwọn sáyẹ́ǹtíìsì wọn, kó bi wọ́n bí omi ṣe ń ga sí lọ́dọọdún àti ibi tó ṣì ṣeé kọ́lé sí, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá táwọn apẹja wa lè kà. Ojú ewé kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Òǹkàwé yín láti Ìgbọ́kọ̀dá